Ọjọ́ Orí Òkúta Ìgbẹ́tì

Ọjọ́ tí Dàmọ́lá kọ́kọ́ fojú kan Ṣubúọlá, ìdọ̀bálẹ̀ ló fi kí i. Ó wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ òkúta mábù ní Ìgbẹ́tì, ó rí obìnrin kan tó jókòó ti àpò, orí rẹ̀ funfun, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ náà funfun. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ni, ló bá fàyà lélẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ kú ọyẹ́ o."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ṣubúọlá nígbà náà. Lẹ́búlẹ́bú òkúta ló bò ó lórí, kì í ṣe ewú. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń rán ẹnu àpò rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣubúọlá náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ti ọkùnrin náà débi pé àánú rẹ̀ ṣe é.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí. "Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Láti ọjọ́ náà ni Dàmọ́lá ti ń pè é ní Màmá. Obìnrin tí ọkùnrin tó wù ú kò bá tíì pè ní Màmá nígbà tí kò tíì bímọ kankan kò lè mọ bí orúkọ náà ṣe ń dùn tó.

Ọdún kọkànlá rèé. Wọ́n ti ti ilé ọlọ náà pa, koríko ti hù bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀, bí Ṣubúọlá bá gba ibẹ̀ kọjá, ó ṣì máa ń fọwọ́ nu ìpéǹpéjú rẹ̀ láìmọ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Dàmọ́lá. Ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀ ló kọ́ ní yunifásítì, òun ni àwọn tó ń wa mábù gbà síṣẹ́ pé kó máa fi ibi tí òkúta tó dára wà lábẹ́ ilẹ̀ hàn wọ́n. Bí iṣẹ́ bá parí, òun àti Ṣubúọlá a jókòó sórí àpáta kan nídìí òkè, wọn a máa jẹ ẹ̀pà. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ibi tá a jókòó sí yìí, Màmá, òkun ni tẹ́lẹ̀."

Ṣubúọlá wo koríko gbígbẹ àti igi èmí tó wà níwájú wọn. "Òkun wo? Kànga wa gan-an kì í lómi tó bá ti di oṣù kejì."

Dàmọ́lá ṣàlàyé. Ó ní ẹrẹ̀ funfun ló ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun náà díẹ̀díẹ̀, tí ilẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ooru abẹ́ ilẹ̀ sì sè é títí ó fi di mábù. Ṣubúọlá béèrè pé ìgbà wo nìyẹn. Dàmọ́lá gbójú kúrò lára rẹ̀ kó tó dáhùn pé ó ju ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù ọdún lọ.

Ẹ̀rù ba Ṣubúọlá. Kì í ṣe iye ọdún yẹn ló bà á lẹ́rù, bàbá rẹ̀ ni. Ó bi Dàmọ́lá bóyá ó ṣì gba Ọlọ́run gbọ́.

"Ta ni mo wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀ tí mo bá dé orí òkè?" ni Dàmọ́lá wí. "Bíbélì ló sọ ẹni tó dá a fún mi. Òkúta ló ń sọ bó ṣe pẹ́ tó."

Bàbá Oyèdèjì, bàbá Ṣubúọlá, ti fọ́ òkúta fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni olórí ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi àdúgbò wọn. Ó ní Bíbélì òyìnbó àtijọ́ kan tó jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Ní etí ìwé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ kìn-ín-ní Jẹ́nẹ́sísì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wínníwínní pé ẹgbàajì ọdún ó lé mẹ́rin ṣáájú Jésù ni Ọlọ́run dá ayé. Bàbá ti ṣírò rẹ̀ dé òní: ẹgbàáta ọdún, ó lé díẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ kan náà ni ẹsẹ ìwé àti etí ìwé jọ sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run.

Ó fẹ́ràn Dàmọ́lá, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó mọ òkúta bá ẹni tó mọ òkúta pàdé, ọ̀rọ̀ wọn kì í tán. Nígbà tí àwọn ará Ìsẹ́yìn wá tọrọ ìyàwó, Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá ku kí ìjọ kéde ìgbéyàwó náà ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta, bí wọ́n ti í ṣe, kí ẹni tó bá ní ìdí láti dí i lọ́wọ́ lè sọ̀rọ̀.

Ìdí yẹn ló yọjú kí ìkéde tó bẹ̀rẹ̀. Níbi ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, olùkọ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Favour béèrè lọ́wọ́ Dàmọ́lá iye ọdún tí òkè Ìgbẹ́tì ti wà. Dàmọ́lá ì bá ní kí wọ́n jẹ́ káwọn sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ó sọ iye náà níbẹ̀. Bàbá pa Bíbélì rẹ̀ dé jẹ́jẹ́, ó ní kí wọ́n gbàdúrà ìparí.

Nílé ló ti gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Dàmọ́lá gbọ́dọ̀ dúró níwájú pásítọ̀ àti àwọn díákónì, kó sọ iye ọdún tí ayé ti wà. Bí kò bá bá Bíbélì mu, òun kò ní fa ọmọ òun lé ẹni tó ń pe Ọlọ́run ní òpùrọ́ lọ́wọ́. Dàmọ́lá rán an létí pé ọjọ́ kan lọ́dọ̀ Olúwa dà bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Bàbá ní gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká mọ́ ló máa ń sá wọ inú ẹsẹ yẹn.

Ṣubúọlá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó lọ bá Dàmọ́lá lórí àpáta wọn.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Sọ pé ẹgbàáta, ká jọ máa lọ sílé wa. Òkúta ò ní gbọ́."

"Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn, Màmá?"

"Ìwọ ni mo fẹ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, Dàmọ́lá dúró níwájú àwọn àgbà ìjọ, ó ń wolẹ̀. Ó ní ẹgbàáta ọdún ni. Àwọn díákónì ṣe àmín, pásítọ̀ ti ń mú bírò láti kọ ọjọ́ ìkéde sílẹ̀. Bàbá nìkan ni kò ṣe àmín.

"Irọ́ lo pa," ló wí, láìgbóhùn sókè. "Ohun tó o sọ, èmi gbà á gbọ́. Ìwọ ò gbà á gbọ́. Ẹni tó lè tìtorí obìnrin purọ́ níwájú Ọlọ́run, tó bá dọ̀la, á purọ́ fún obìnrin náà. Mi ò fún ẹ lọ́mọ mọ́."

Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ṣubúọlá fi ń rán ẹnu àpò láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ pé Dàmọ́lá ti ń di ẹrù láti padà sí Ìsẹ́yìn. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ẹ̀bi á dúró sọ́rùn ọkùnrin náà títí láé, òun á sì máa jẹ́ ọmọ rere lójú bàbá òun. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ìbànújẹ́ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá tó ń pọ́n ọkọ́ lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá, èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Kò wù ú sọ. Tẹ́ ẹ bá máa bínú, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí."

Bàbá pọ́n ọkọ́ náà tán kó tó gbójú sókè. "Lọ pè é wá," ló wí.

Ó kó àwọn méjèèjì lọ síbi tó ti fọ́ òkúta nígbà èwe rẹ̀. Oòrùn mú gan-an. Ó tún bi Dàmọ́lá ní ìbéèrè kan náà.

"Ó ju ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù lọ, Bàbá." Dàmọ́lá wo ojú rẹ̀. "Mi ò lè sọ òmíràn mọ́, kódà tẹ́ ẹ ò bá fún mi."

Ṣubúọlá di ojú. Ó rò pé ó ti parí nìyẹn. Ìgbà tó máa lajú, Bàbá ti jókòó sórí òkúta kan.

"Ọdún tí mo bí ọmọ yìí," ni Bàbá wí, "mo la òkúta pẹlẹbẹ kan níbí. Inú rẹ̀ rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bíi yanrìn etí odò nígbà tómi bá fà. Mo mọ̀ pé omi ló kọjá níbẹ̀. Mo ní ìkún omi Nóà ni. Mo wá la ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo tún rí òmíràn. Mo la ìkẹta. Ìkún omi kan ṣoṣo ni Nóà rí." Ó fọwọ́ ra òkúta tó jókòó lé. "Mo fi òòlù fọ́ gbogbo ẹ̀ túútúú, mi ò sọ fẹ́nì kan. Èmi náà purọ́. Ó kàn jẹ́ pé òòlù ni mo fi pa tèmi."

Dàmọ́lá fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá gbọ́wọ́ sókè dá a dúró. Ó ní òun kò sọ pé òun ti gbà pé ọdún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìkéde.

Ìjọ bẹ̀rẹ̀ ìkéde. Ní ọjọ́ ìsinmi kẹta, pásítọ̀ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìdí tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn. Bàbá Oyèdèjì dìde. Ṣubúọlá di apá Dàmọ́lá mú.

"Èmi gbà pé ẹgbàáta ọdún ni," ni Bàbá wí. "Ọmọ yìí gbà pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wa ti ṣìnà, Ọlọ́run ló mọ ẹni náà. Àmọ́ ó sọ ti inú rẹ̀ fún mi lójúkorojú, nígbà tó mọ̀ pé ó lè torí ẹ̀ pàdánù ìyàwó. Ẹ so wọ́n pọ̀."

Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá àti Dàmọ́lá fi ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ìsìn, àna àti àna, títí oúnjẹ fi ń tutù. Ẹnikẹ́ni kò yí ọkàn ẹnì kejì padà. Ṣubúọlá a máa bínú sí wọn nígbà náà. Nísinsìnyí, ilé dákẹ́ jù fún un lọ́jọ́ ìsinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, Bàbá kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Ọ̀sán ni, fèrèsé ṣí sílẹ̀ sí ọ̀nà òkè, Ṣubúọlá ń bó ọsàn fún un. Bàbá bi Dàmọ́lá pé ọdún mélòó ló pe ọjọ́ orí òkúta yẹn gan-an. Ṣubúọlá fojú bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó ṣàánú arúgbó. Dàmọ́lá rí i, ó mú ọwọ́ Bàbá dání, ó sì sọ iye náà bó ṣe wà.

Bàbá wo òkè náà.

"Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni," ó ní, "a jẹ́ pé Ọlọ́run ti ń retí wa tipẹ́."

Ó na ọwọ́ sí Ṣubúọlá fún ọsàn. Ṣubúọlá gbé e fún un, kò sì rí ojú bàbá rẹ̀ dáadáa mọ́ nítorí omijé.