Àdírẹ́sì Kan fún Ẹ̀rọ Mẹ́ta

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, aboyún mẹ́tàdínlógún ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìgbẹ̀bí, tí gbogbo wọn ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá káàdì. Obìnrin tó ń tọ́jú káàdì níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Àkọ́sórí, torí kò sí ohun tó kà rí tí kò lè kà padà fún ọ láìwòwé. Lọ́jọ́ náà, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, òógùn sì bò ó.

“Àǹtí, ẹ ti ń sọ pé ẹ̀ ń bọ̀ láti àárọ̀,” ọ̀kan nínú àwọn aboyún wí. “Ṣé kí n bí i sórí bẹ́ǹṣì yìí ni?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Mátírọ̀n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yàrá káàdì, ti ibi ìgboògùn àti ti yàrá dókítà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí aboyún yé gbé fáìlì kiri. Ó ní bí Àkọ́sórí bá lè so wọ́n pọ̀, òun á sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ títí lọ. Ọdún mẹ́fà ni obìnrin yìí ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Kíá ló sáré lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta sátífíkéètì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọjọ́ méjì, ìwé pẹlẹbẹ kan, sátífíkéètì ti dé. Kò fọwọ́ kan wáyà rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó kọ àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó ṣe wà lójú ewé gẹ́lẹ́. Àdírẹ́sì kan náà fún ẹ̀rọ mẹ́ta! Bí èyí bá gbọ́, tọ̀hún á dákẹ́.

Mátírọ̀n kò pariwo. “Bí kò bá ṣiṣẹ́ lójú mi lọ́jọ́ Ẹtì,” ló wí, “màá mú ẹlòmíràn.”

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Àkọ́sórí gba ilé àbúrò ìyá rẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni màmá yìí fi fa wáyà tẹlifóònù kó tó fẹ̀yìn tì. Màmá Aláwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó wo sátífíkéètì náà níwájú, ó wò ó lẹ́yìn.

“Ó dára lójú o. Kí ni wọ́n ń pè ní àdírẹ́sì?”

Àkọ́sórí kà á geerege, kò sinmi.

“Ó dáa.” Màmá nawọ́ sí kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì. “Fi hàn mí nínú eléyìí.”

Àkọ́sórí kò mọ ohun tó máa tẹ̀.

“Ẹnu dùn-ún ròfọ́,” Màmá Aláwáyà wí. “Ọmọ mi, ẹnu ẹ ló kọ́ṣẹ́, ìwọ ò tíì kọ́ ọ.”

“Màmi, ọjọ́ Ẹtì ti dé tán. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Kó máa bà ẹ́, ṣùgbọ́n jókòó.”

Ó gbé kọ̀ǹpútà àlòkù méjì kalẹ̀, pẹ̀lú wáyà àti àpótí kékeré tí àwọn wáyà ti ń pàdé. Linux ló wà nínú wọn, bíi tàwọn ti ilé ìgbẹ̀bí. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn ti pa tì.

“Tẹ ‘ip addr’. Kí lo rí?”

“Nọ́ńbà ni.”

“Àdírẹ́sì rẹ̀ nìyẹn, nọ́ńbà ilé ẹ̀rọ yìí. Tẹ ohun kan náà sínú ìkejì.”

“Ìparí rẹ̀ yàtọ̀.”

“Ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Bí ilé méjì ládùúgbò kan bá ní nọ́ńbà kan náà, èwo ni wọ́n á gbé lẹ́tà fún? Ìwọ fún ilé mẹ́ta ní nọ́ńbà kan, o wá ń bínú sí lẹ́tà.”

Àkọ́sórí rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í.

“Ó yá, jẹ́ kí ọ̀kan pe èkejì. Tẹ ‘ping’, kí o fi nọ́ńbà èkejì tẹ̀ lé e.”

Ìdáhùn ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá Aláwáyà bá fa wáyà yọ, ìdáhùn dákẹ́. “Má tíì kì í bọ̀ ọ́. Kọ́kọ́ sọ ohun tó o rí fún mi.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́: màmá á bà á jẹ́, Àkọ́sórí á wádìí ohun tó bà jẹ́. Lọ́jọ́rú, ó fẹ́ bú sẹ́kún. Ó ní orí òun ò gbà á.

“Orí ẹ gbà á. Ọwọ́ ẹ ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Tún un ṣe.”

Ó tún un ṣe nígbà mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mátírọ̀n fa àga, ó jókòó tì í. Àkọ́sórí fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó pe ibi ìgboògùn, ó dáhùn. Ó pe yàrá dókítà, kẹ́kẹ́ pa.

“Ṣé bí tọjọ́ Ajé náà nìyí?” Mátírọ̀n béèrè.

Àkọ́sórí dìde. “Ẹ fún mi láàyè díẹ̀, Mà.” Ó lọ sí yàrá dókítà, ó tẹ ‘ip link’ láti mọ̀ bóyá wáyà wọlé. Ẹ̀rọ náà ò tiẹ̀ mọ̀ pé wáyà wà lára òun. Ó tọ wáyà náà lọ, ó bá a lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó ti tẹ̀ ẹ́ já. Ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó padà wá pe yàrá dókítà. Ìdáhùn wọlé.

“Ta ló sọ fún ẹ pé wáyà ni?”

“Ẹ̀rọ ló sọ fún mi, Mà. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń bi í.”

Mátírọ̀n dìde. “Lẹ́tà iṣẹ́ ẹ á jáde lónìí.”

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má ra sátífíkéètì tí ọwọ́ yín kò ṣiṣẹ́ fún. Ẹ wá kọ̀ǹpútà àlòkù méjì, ẹ̀ báà yá wọn, kí ẹ fi Linux sí wọn, kí ẹ so wọ́n pọ̀. Ẹ bà á jẹ́ fúnra yín, kí ẹ sì tún un ṣe. Ilé ni kí ẹ ti dán an wò, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ ibiṣẹ́ tí ará ìlú gbójú lé. A kì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, sátífíkéètì ò ní bá yín tọ wáyà.