Àbẹ̀wò Kan sí Ìdèrè Lọ́jọ́ Jímọ̀

Lábẹ́ igi kajú kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìdèrè ni wọ́n ti rí òkú Kíkẹ́lọmọ láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1996. Àgbẹ̀ tó rí i kò pariwo. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú ọmọ náà, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Ìgbó-Ọrà, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì títí wọ́n fi bi í léèrè ohun tó wá ṣe.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Gbénró dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Ọdún kejìlélógún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, òkú kì í já a láyà mọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí nǹkan kan ti dùn ún gbẹ̀yìn, kò sì rántí ohun tó jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò. Ẹ̀yìn orí ọmọbìnrin náà ti fọ́. Bàtà funfun ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀ òjò ti rọ̀ láti ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo ọ̀nà yẹn sì ti di ẹrẹ̀. Gírísì wà nínú irun rẹ̀. Gbénró fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Gírísì tuntun ni, irú èyí tí wọ́n máa ń fi pa ara ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò.

"Kì í ṣe ibí ló kú sí," ló sọ fún Sájẹ́ǹtì Búrẹ́mọ̀. "Wọ́n gbé e wá ni."

Kó tó di ọ̀sán, Búrẹ́mọ̀ ti mú ẹnì kan. Kó yé wa dáadáa: ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ n'Ígbó-Ọrà ni Kíkẹ́lọmọ ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń lọ kí àwọn oníbàárà kiri Ìdèrè, Èrúwà àti Ayetẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ọ̀gá wọn n'Íbàdàn gbé kọ̀ǹpútà kan wá. Wọ́n ní kí wọ́n máa kọ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, ohun tó rà, ọjọ́ tí wọ́n lọ kí i, àti ohun tó bá wọn sọ. Kọ̀ǹpútà n'Ígbó-Ọrà láyé ìgbà yẹn! Àwọn èèyàn ń dúró lójú fèrèsé wò ó.

Mánijà wọn, Babáfẹ́mi, tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ló fúnra rẹ̀ mú ìwé kan tí kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ jáde wá sí àgọ́. Ohun tí wọ́n kọ sí i lórúkọ Kíkẹ́lọmọ ni pé: "Jímọ̀, aago kan ààbọ̀. Mo bẹ Alhaji Àkíbù wò n'Ídèrè. Zachariah ló fi máṣíìnì gbé mi. Alhaji gbà láti ra ẹ̀rọ tuntun."

Zachariah ló ń gun máṣíìnì ilé-iṣẹ́ náà, mánijà ló ń wa ọkọ̀ wọn. Òun náà ló fẹ́ fẹ́ Kíkẹ́lọmọ lóṣù Kejìlá. Ó ní òun ò dé Ìdèrè lọ́jọ́ náà rárá, Èrúwà ni mánijà rán òun lọ, òun bá ilé oníbàárà ní títì, òun sì padà. Ta ló rí i? Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n bá tì í mọ́lé. Lọ́jọ́ Túsìdeè ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú ẹ̀sùn ìpànìyàn, ẹni tí wọ́n bá sì gbé lọ báyẹn lásìkò náà, ọdún márùn-ún lè kọjá kí adájọ́ tó gbójú sókè wò ó.

Gbénró ka ìwé náà nígbà mẹ́ta. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ "Ojú ìwé kìn-ín-ní nínú méjì" sí.

"Búrẹ́mọ̀, èkejì dà?"

"Èyí tí mánijà kó wá nìyẹn, ọ̀gá. Ó kúkú ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán."

Gbénró ki ìwé náà bọ àpò. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó gbéra, ó di Ìdèrè.

Obìnrin àgbà kan ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé Alhaji. Ó bu omi fún un kó tó béèrè ohun tó bá wá.

"Ẹ kú ilé o, ìyá. Alhaji Àkíbù ni mo wá kí."

Ìyá náà wò ó. "Ẹ ò gbọ́ ni? Ọ̀túnla ni yóò pé ogójì ọjọ́ tí Bàbá Àmínà ti fi wá sílẹ̀."

Gbénró gbé ife omi sílẹ̀. "Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ìyá Àmínà, ta ló wá láti ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó wá. Kíkẹ́lọmọ wá lọ́jọ́ kẹta, ó tún wá lọ́jọ́ kẹjọ. Ó ra ṣúgà wá. Ó ní òun ò ní í sọ̀rọ̀ ọjà nínú ilé yìí àfi tí ogójì ọjọ́ bá pé. Ọmọ yẹn mọ èèyàn í kí. Ṣé òun ló rán yín ni?"

Gbénró sọ fún un bó ṣe máa ń sọ irú rẹ̀, láìyí i ká. Ìyá Àmínà fa ìborùn rẹ̀ bo orí. Gbénró kí i pé ó dìgbà, ó lọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun àti Búrẹ́mọ̀ dé ilé-iṣẹ́ náà. Rùkáyàt, akọ̀wé wọn, nìkan ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wú.

"Rùkáyàt, Alhaji Àkíbù tó wà n'Ídèrè ńkọ́?"

"Bàbá Àmínà? Àṣé ẹ ò mọ̀. Wọ́n ti ṣaláìsí. Gbogbo wa la jọ lọ kí ilé wọn, èmi, Kíkẹ́lọmọ àti Zachariah. Mánijà nìkan ni kò lọ."

"Kí ló dé tí orúkọ wọn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà?"

"Kíkẹ́lọmọ ló ní ká má pa á rẹ́. Ó ní ilé ò tú torí pé baálé kú." Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó tẹ òmíràn. "Ẹ wá wo ojú ìwé kejì. Ibẹ̀ ló máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí."

Gbénró tẹ̀ síwájú, ó kà á. "Bàbá Àmínà kú. Ẹ má sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nílé yìí kí ogójì ọjọ́ tó pé. Àbúrò Àmínà ló máa gba iṣẹ́ gàrí. Ẹsẹ̀ ń dun Ìyá Àmínà, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun."

"Ta ló ń ka èyí?"

"Èmi àti Kíkẹ́lọmọ." Ó nawọ́ sí ojú ìwé náà. "Mánijà kì í ṣí i dé ibí. Iye àbẹ̀wò ló ń kà, àti orúkọ àwọn tí a ò tíì kí láti oṣù kan, èyí tí kọ̀ǹpútà máa ń tò sókè. Ogójì lóṣù làwọn ara Ìbàdàn ń béèrè. Òun àti Kíkẹ́lọmọ ò tilẹ̀ kí ara wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

"Mo lọ kírun lọ́sàn-án, n ò padà wá. Àwọn méjèèjì ni mo fi sílẹ̀."

Búrẹ́mọ̀ ti wọ inú yàrá ẹrù. Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án ló tò síbẹ̀, gírísì ń dán lára wọn. Ẹ̀kẹwàá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, gbẹ. Wọ́n ti nù ún. Sájẹ́ǹtì jáde, ojú ń tì í, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan."

Gbénró tún padà sí àgọ́, ó bi Zachariah ní ìbéèrè kan ṣoṣo: Alhaji Àkíbù ńkọ́? Ọmọkùnrin náà gbójú sókè. "Ṣé òkú lẹ ń béèrè? Kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn fún mi láti Sátidé. Èmi ni mo gbé Kíkẹ́lọmọ lọ kí wọn níbẹ̀."

Nígbà tí ó di aago kan, wọ́n pe Babáfẹ́mi sí àgọ́. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó jókòó, ó ní òun ò ráyè púpọ̀.

"A ò ní í pẹ́, ẹ̀gbọ́n," ni Gbénró wí. "Alhaji Àkíbù ńkọ́?"

"Dáadáa ni wọ́n wà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbé ẹ̀rọ wọn lọ."

"Ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Há! Oníbàárà wa pàtàkì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ la jọ sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá mi ṣeré."

Búrẹ́mọ̀ wo ilẹ̀.

"Babáfẹ́mi," ni Gbénró wí, kò sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́, "ó pé ọjọ́ mọ́kàndínlógójì lónìí tí wọ́n ti sin bàbá yẹn. Rùkáyàt mọ̀. Zachariah mọ̀. Kíkẹ́lọmọ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá. Nínú gbogbo ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìwọ nìkan lo lè kọ ọ́ pé òkú gbà láti ra ẹ̀rọ."

Gbénró fi ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà yín máa ń to orúkọ àwọn tí wọn ò tíì kí láti oṣù kan. Èyí tó wà lókè pátápátá lo mú. O ò bi ara rẹ pé kí ló dé tí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ bí Kíkẹ́lọmọ fi fi oníbàárà kan sílẹ̀ láìkí. Kò gbàgbé wọn. Ó ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀fọ̀ wọn ni. Kò rin ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàtà rẹ̀ mọ́. Gírísì ẹ̀rọ tuntun wà lórí rẹ̀, ọ̀kan sì wà ní yàrá ẹrù rẹ tí ẹnì kan ti nù. O rán Zachariah sí ilé tí kò sí èèyàn, nígbà tó sì yá, o mú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ gbé òkú náà lọ sí ọ̀nà Ìdèrè. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"N ò fẹ́ pa á." Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Àbẹ̀wò irọ́ tí mo ń kọ láti orí àga mi ló rí. Ó ní òun máa sọ fún ọ̀gá wa lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Mo kàn tì í ni, ó sì fi orí gbá irin ẹ̀rọ. Ọ̀gá, tìtorí ogójì àbẹ̀wò ni."

"O sì fi orúkọ Zachariah sí i."

Búrẹ́mọ̀ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mánijà lọ́wọ́, wọ́n mú un lọ. Gbénró retí kí inú òun dùn. Inú rẹ̀ ò dùn.

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé. "Zachariah, bọ́ síta. A ti mú ẹni tó ṣe é. Máa lọ sílé."

Zachariah wọ bàtà rẹ̀. Ó gba bẹ́líìtì rẹ̀ lórí káńtà, ó fọwọ́ síwèé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan, Búrẹ́mọ̀ pàápàá. Láti Sátidé, "èmi kọ́" nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó sì yíjú padà, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tú ọ̀fọ̀ fún.

"Ọ̀gá," ló wí, "Kíkẹ́lọmọ ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Gbénró dá a lóhùn. Ó fa bẹ́ńṣì sún mọ́ ọn kó lè rí ibi jókòó sí.