Ọjà Hameedah

"Níyìọlá, gbọ́ tèmi. Sọ fún ìyá ọmọ yẹn kó fi í sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Bí Màmá ò bá rí i, ta ni wọ́n máa bi ní ìbéèrè?"

Bọ̀dá Débọ́lá ló ń dá ọgbọ́n yìí. Tíṣà ni òun àti Níyìọlá ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní Ijegun-Egba, lọ́dún 2005. Níyìọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni, ó ń retí èsì JAMB. Ọmọ tí wọ́n ń sọ ni Hameedah, tí kì í lanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì Níyìọlá. Màmá tó ni ilé-ìwé ń bọ̀ wá dán àwọn ọmọ wò lórí ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí Hameedah kò bá dáhùn, jẹ́lé-ó-sinmi ni wọn yóò dá a padà sí.

Ẹ̀rù ba Níyìọlá. Ó gba ọjà Agboju lọ bá ìyá ọmọ náà, tó ń ta ohun èlò ìránṣọ. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn Hameedah:

"Ẹ wá ra bọ́tìnnì o! Òwú rèé! Abẹ́rẹ́ rèé!"

Háà! Ọmọ tí a ní kò lẹ́nu! Níyìọlá gbé ọ̀rọ̀ Débọ́lá mì, ó sì bẹ ìyá Hameedah pé kó yá òun lọ́jà díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ ọjà sí kíláàsì, ó fi Hameedah ṣe ọlọ́jà. Ẹni tí kò bá dárúkọ nǹkan kò ní gbé e. Ó ń sọ fún wọn pé orúkọ tí wọ́n ń dá yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀-orúkọ. Ariwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé kúrò.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Màmá béèrè pé, "Kí ni ọ̀rọ̀-orúkọ?" Àwọn ọmọ ń wo ojú ara wọn. Níyìọlá sáré tẹ́ ọjà náà síwájú Hameedah.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ra nǹkan lọ́wọ́ wọn."

Màmá nawọ́ sí òwú. Kíá ni Hameedah fọwọ́ bò ó.

"Ẹ dárúkọ rẹ̀ ná, Mà!"

"Òwú ni," ni Màmá wí, ẹ̀rín sì pa wọ́n. "Ìwọ ọlọ́jà yìí, kí ni orúkọ tìẹ?"

"Hameedah! Ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ tèmi náà!"

Màmá pàtẹ́wọ́ títí. "Ta ló ní ká dá ọmọ yìí padà?" Níyìọlá, ọmọ dáadáa, ń nu omijé ayọ̀.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, Bọ̀dá Débọ́lá ló kọ́kọ́ wá yá bọ́tìnnì fún kíláàsì tiẹ̀. A kì í fi ọmọ tí kò tíì mọ̀ pamọ́. Ohun tó mọ̀ là á wá kàn, kí a tibẹ̀ mú un lọ síbi tí kò tíì dé.