Erékùṣù Wo Ni Ká Lọ?

Ìbéèrè ló fi pàdé mi, ìbéèrè ló sì fẹ́ fi pa mí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi rí àmì ojú títì kí èmi ọ̀gá rẹ̀ tó rí i, mo gba ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ. Ó ní kí n jókòó, ó gbé irin tútù kan lé mi nímú, ó wá ń pààrọ̀ díńgí níwájú ojú mi.

"Èyí ló mọ́lẹ̀ jù, àbí èyí?"

"Wọ́n jọra."

"Ẹ fara balẹ̀ wò ó, mà. Èyí, àbí èyí?"

Ó bi mí títí ó fi sú mi. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọ̀kan níbẹ̀ kí n máa lọ!"

Dípò kó bínú, ẹ̀rín ló bú sí. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ, mo ní awò ojú tó ṣe fún mi ń yọ̀ nímú. Irọ́ ni, kò yọ̀ rárá.

Bá a ṣe fẹ́ra nìyẹn. Nígbà tó fi òrùka sí mi lọ́wọ́, ó ní tá a bá ti ṣègbéyàwó tán, àwa méjèèjì nìkan la máa lọ sinmi ní erékùṣù kan tí oòrùn ti ń ràn, tí omi òkun sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú mi dùn ṣìnkìn. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó ti ẹni tó fẹ́ fi mọ́tò pa mí. Ìsinmi tọ́ sí mi.

Ó yá, erékùṣù wo?

Háà! Bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ náà ló ń ṣe nílé. Àwòrán méjì méjì. "Ìfẹ́ mi, èyí àbí èyí?" Tí mo bá mú ọ̀kan, á tún gbé òmíràn tì í. Òkun rèé, iyanrìn rèé. Òkun rèé, iyanrìn rèé. Kí ni mo tún fẹ́ wò níbẹ̀?

Tí mo bá sì jàjà mú ọ̀kan délẹ̀, á gbé e lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ibẹ̀ jìnnà jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní èyí tó sún mọ́ ò ní ilé ìwòsàn gidi. Ìyá tèmi náà ò gbẹ́yìn.

"Omi yí i ká? Tẹ́ ẹ bá jà ńkọ́, ọ̀nà wo lo máa gbà wálé?"

"Màmá, mi ò tíì wọlé ọkọ, ẹ ti ń wá ọ̀nà àtijáde fún mi!"

Lọ́jọ́ kan, mo lọ bá dókítà níbi iṣẹ́. Ó ń nu díńgí, kò wojú mi.

"Màámi ní táwọn bá bá wa lọ, ọkàn àwọn á balẹ̀."

"Bá wa lọ síbo?"

"Sí erékùṣù."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní màá bi ẹ́."

Orí mi gbóná. "O máa bi mí! Ẹni tí ò lè dá mú ibi tá a máa sùn, ṣé ìwọ lo mú mi, àbí wọ́n bá ẹ mú mi ni? Mi ò lè fẹ́ gbogbo ilé yín." Mo bọ́ òrùka, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀, mo jáde. Inú mọ́tò ni mo ti sunkún, tí mo ń tẹ bíréèkì mọ́tò tó ti dúró tẹ́lẹ̀.

Kò pè mí, èmi náà ò pè é. Àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tó fi wá bá mi ní pápá tá a ti ń kọ́ mọ́tò. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló wà nídìí ọkọ̀. Dókítà kàn ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé.

"Mo ti mú ọ̀kan. Mo ti sanwó. Mi ò bi màámi, mi ò bi ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ náà mi ò bi ẹ́." Ó na òrùka mi sí mi. "Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í mú o. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ pàdánù ẹ."

"Màmá yín ńkọ́?"

"Wọ́n ń bínú. Wọ́n á yọ́nú tó bá yá."

Mi ò tíì dáhùn tí ìyá tó wà nídìí ọkọ̀ fi bojú wẹ̀yìn. "Ọmọ mi, gba òrùka ẹ, jàre. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi ló ń lọ yìí."

Mo gbà á. A ṣègbéyàwó, a wọ bàálù.

Ó sì ṣì í mú lóòótọ́! Àsìkò òjò ni wọ́n wà níbẹ̀. Látìgbà tá a ti gúnlẹ̀, òjò ò dá. Òkun rí bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fajú ro, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mi ò tíì kúrò nínú báàgì. Ni fóònù ọkọ mi bá dún.

"Ṣé oòrùn ń ràn níbẹ̀?" Ìyá rẹ̀ ni.

"Rárá, màámi. Òjò ni."

"Mo mọ̀! Ẹ máa bọ̀ nílé. Bi ìyàwó ẹ wò."

Ó wò mí.

"Màámi, a ò tíì bọ̀. Ẹ kú ilé o." Ó pa fóònù náà, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé inú ń bí ẹ?" ló bi mí.

"Ó ń bí mi gan-an! Wo irú ibi tó o gbé mi wá!" Mo na ọwọ́ sí i. "Sún mọ́ mi níbí, jàre. Òtútù ń mú mi."