Ìgò Kẹrin

"Rọra, Ojú Àṣá! Mọ́tò yìí fi ọdún mẹ́jọ jù ọ́ lọ. Má fa ẹ̀gbọ́n rẹ nírun."

Bàbá àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí àpótí tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì yọ nọ́sù tó gbẹ̀yìn kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Mẹ́rin ni nọ́sù mọ́tò kékeré náà, ìkọ̀ọ̀kan kò ju àtàǹpàkò lọ, àwọn ló sì ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin náà. Ojú Àṣá ni bàbá ń pè é, nítorí kò sí bíńtín tó lè sá pa mọ́ fún un. Láti ìgbà tí ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n, tí ìríran rẹ̀ sì ti di bàìbàì, ojú ọmọ yìí ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ìyá ọmọ náà, tó jẹ́ ọmọ bíbí inú bàbá, ló ni mọ́tò. Agbẹ̀bí ni. Kò fẹ́ kí bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì ti sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Bàbá, tí mọ́tò yìí bá dá mi dúró lọ́nà lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é, màá ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa. Mo ti sọ tèmi."

"Mo gbọ́. Padà wá láago mẹ́rin. Yóò ti máa kọrin."

Ojú Àṣá fọ àwọn nọ́sù náà, ó pààrọ̀ rọ́bà róbótó ọrùn wọn, ó sì tò wọ́n sórí ìgò mẹ́rin tí inú wọn hàn kedere. Bàbá ti kọ́ ọ pé tí a bá tan páńpù, tí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fín epo fún àkókò kan náà, epo inú àwọn ìgò gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ó tan án, ó sì pa á. Ìgò mẹ́ta dọ́gba. Ìkẹrin fi ìwọ̀n ìka kan lọ sílẹ̀.

Ó wo aago. Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Tó bá tún nọ́sù kẹrin tú, ìyá rẹ̀ á wá bá mọ́tò ní ìtúká, á ní ọwọ́ bàbá ò ká iṣẹ́ mọ́. Ó yíjú wo bàbá. Ó ń fi àkísà nu iná iwájú mọ́tò, ó ń súfèé bí ọmọdé. Àánú rẹ̀ ṣe ọmọ náà. Ó gbé agolo epo, ó rọra bu díẹ̀ kún ìgò kẹrin.

"Báwo ló ṣe rí, Ojú Àṣá?"

"Wọ́n dọ́gba, Bàbá."

Bàbá sún mọ́ àwọn ìgò títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wọ́n. "Ìbẹ́rin gidi! Ìyá rẹ ò gbẹ̀bí irú èyí rí." Ó fúnra rẹ̀ di àwọn nọ́sù náà padà mọ́ ẹ́ńjìnnì, ìyá sì wá gbé mọ́tò lọ láago mẹ́rin.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ yìí ò tiẹ̀ lò tó ọjọ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá fẹsẹ̀ rìn wọlé, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mọ́tò gbọ̀n rìrì lórí òkè, ó sì kú. Ẹsẹ̀ ni mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rọbí. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ inú rẹ̀ tó ní sùúrù, òun ló dúró dè mí." Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Bàbá mi, ọwọ́ yìí ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jẹ́ ó sinmi."

Bàbá, ẹni tó lè bá òjò jiyàn, kò jiyàn. "Bóyá òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo dì wọ́n mọ́lẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé mi ò dì wọ́n dáadáa." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn sípánà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú àpótí.

Ojú Àṣá ń wò ó. Tó bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ láé. Ó kúnlẹ̀.

"Màámi, kì í ṣe ọwọ́ Bàbá. Ìgò kẹrin ò kún lánàá. Èmi ni mo bu epo kún un. Mi ò fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa ni."

Bàbá gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Nítorí mi lo ṣe purọ́ fún mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Ọmọ mi, ojú rẹ ni mo fi ń ríran. Tí ojú mi bá purọ́ fún mi, mo fọ́jú nìyẹn."

Ẹkún gba ẹnu ọmọ náà. Bàbá fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n gbé e dìde. "Ó tó. Lọ fọ ojú. A ní iṣẹ́."

Wọ́n fa mọ́tò wálé. Ojú Àṣá yọ nọ́sù kẹrin, ó fa asẹ́ kékeré inú rẹ̀ jáde, ó sì rí ìpẹtà tó dí i bí iyẹ̀pẹ̀. Ó fi tuntun sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dán an wò, ìyá fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo àwọn ìgò. Lẹ́yìn náà ó gbé mọ́tò gun òkè, ó sì gbé e padà láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kú.

"Ṣọ́ọ̀bù ò ní tì," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí ìgò bá lọ sílẹ̀, ẹ sọ fún mi pé ó lọ sílẹ̀. Tí mo bá tètè mọ̀, màá tètè fẹsẹ̀ rìn."

Ọjọ́ náà ni Ojú Àṣá mọ̀ pé irọ́ tí a fi ìfẹ́ pa, irọ́ náà ni, àti pé ẹni tí a tìtorí rẹ̀ pa á ló máa ń kọ́kọ́ ru ẹrù rẹ̀.