Ẹ̀fọn Inú Àpótí Tíṣà

"Wáyà, má dà mí lọ́kàn rú o. Ṣíìpù ló ń ṣe ohùn. Iná kàn jẹ́ iná ni."

Ọ̀rẹ́ Wáyà tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ẹnu-Dùn ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ó jókòó sórí tábìlì iṣẹ́, ó ń mi ẹsẹ̀. Wáyà fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ oníṣẹ́ rédíò, ń wo àpótí kan tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àpótí Tíṣà Orin ni, bàbá arúgbó afọ́jú kan ládùúgbò. Ẹ ṣáà mọ̀ pé orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohùn, nọ́ńbà lásán ni, tó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣíìpù, ẹ̀yà kékeré kan nínú irú àpótí yìí, ló ń sọ nọ́ńbà di ohùn kó tó dé sípíkà. Bọ́tìnnì rẹ̀ ló bàjẹ́, bàbá Wáyà sì ti tún un ṣe. Ó ku kí wọ́n dé e.

Ìdíje sáyẹ́ǹsì ku ọjọ́ mẹ́ta. Wáyà ti kan irú àpótí bẹ́ẹ̀ tiẹ̀, àmọ́ ó ń kùn bí oyin. Tiransifọ́mà gidi, èyí tó ń fún àpótí ní iná tó mọ́, ni kò ní. Ti Tíṣà rèé, ó wúwo, ó dára.

"Bàbá mi ní ṣíìpù ò ju akọrin lọ," ni Wáyà wí. "Wọ́n ní iná ni omi tó ń mu. Akọrin tó bá ń mu omi ẹrẹ̀, báwo lohùn ẹ̀ ṣe fẹ́ já gaara? Wọ́n ní aago kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó ń ka àkókò fún un, àti ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde..."

"Bàbá mi, bàbá mi. Ṣé bàbá ẹ ló máa dúró níwájú àwọn adájọ́ ni? Tíṣà arúgbó tí ò ríran, kí ló fẹ́ mọ̀ bó o bá yọ tiransifọ́mà ẹ̀?"

Wáyà rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Ó tú tiransifọ́mà yẹn, ó gbé e sínú àpótí tiẹ̀, ó fi ìfun ṣájà fóònù kan dípò rẹ̀, ó dé àpótí Tíṣà pa.

Àṣà bàbá Wáyà ni pé ẹ̀rọ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Á tan án, kò ní fi orin sí i, á yí ohùn rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ tó dáa kì í wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún nídìí sípíkà ti di bàbá létí, àwọn oníbàárà ò kàn mọ̀ ni. Etí ọmọ rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́.

Bàbá tan ti Tíṣà. "Wáyà, ṣó ń wí nǹkan?"

Ó ń wí. Hín-ín-ín, tínrín, bí ẹ̀fọn.

"Rárá, bàbá."

Tíṣà gba àpótí lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó padà dé; ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́ wá, tó gbé àpótí àti kọ̀ǹpútà kalẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ. "Ọ̀gá, ẹ̀fọn kan wọ inú ohùn ìyàwó mi."

Ìyàwó yẹn ti kú láti ọdún mẹ́fà. Orin tó kọ, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní pálọ̀ wọn sínú kọ̀ǹpútà, ni Tíṣà fi ń jẹun ọ̀sán lójoojúmọ́. Wọ́n fi orin kan sí i. Bàbá tẹ́tí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó nawọ́ láti tú àpótí. Wáyà yára dá a dúró.

"Bàbá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o. Mo tẹ́tí dáadáa."

Bàbá fọwọ́ sílẹ̀.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Á jẹ́ pé inú etí mi ló wà. Ojú ló kọ́kọ́ lọ. Etí náà ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́."

Ipò kẹta ni Wáyà ṣe nínú ìdíje. Ẹnu-Dùn pàtẹ́wọ́ títí. Ọjọ́ méjìlá ni Wáyà fi ń mú ọ̀rọ̀ dé ẹnu tó ń gbé e mì. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé tiransifọ́mà síwájú bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́. Bàbá kó irinṣẹ́, àwọn méjèèjì gba ilé Tíṣà lọ.

Bàbá dá tiransifọ́mà padà síbẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Tíṣà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá. Ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀."

"Kọ̀ǹpútà wo? Mo ti fún ọmọ ọmọ mi kó fi kàwé. Mo ní kí ni adití fẹ́ fi orin ṣe. Ó ní kọ̀ǹpútà náà ń wọ́, ó ti nu gbogbo inú ẹ̀ kúrò."

"Ṣé orin náà ò sí níbòmíì ni, sà?"

"Kò sí."

Tíṣà wá yíjú síbi tí Wáyà wà. "Ọmọ mi, etí tìẹ ṣì ń gbọ́ran dáadáa. Orin wo ni ìyàwó mi ń kọ lọ́jọ́ tá a wá yẹn? Mi ò rántí mọ́. Ẹ̀rù pé mò ń di adití ló gbà mí lọ́kàn."

Wáyà wá a títí nínú orí rẹ̀. "Mi ò mọ̀, sà. Ariwo yẹn nìkan ni mò ń gbọ́."

Bí wọ́n ṣe ń padà, bàbá sọ gbólóhùn kan péré. "Etí ẹ ni mo fi ń ṣiṣẹ́." Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fi ọ̀dà pa sípíkà àti rédíò rẹ́ lára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Áyọ́ọ̀nù àti fáànù ló ń tún ṣe títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ máa bá a. Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tí irọ́ bá ti jẹ lọ́nà, òtítọ́ ò lè gbà á lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Bẹ́ ẹ bá ti purọ́, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n bínú, kí wọ́n nà yín. Ẹ má dúró dọ̀la.