Nígbà Tí Abijah Kéde Ikú Àna Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kó jiyàn, àmọ́ òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Abijah Stroud fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ọkùnrin tí kì í gbà láé pé òun ṣàṣìṣe. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní jókòó kó hun irọ́ tó máa dójú ti òun alára.

Òun ló ń ṣe ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Agbọ́n nílùú Wexley Landing, létí odò Ohio nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó bú adájọ́, ó bú àlùfáà, ó bú àwọn olówó ẹrú, ó tún bú àwọn tó ń bá olówó ẹrú jà. Wọ́n ti nà án lẹ́gba rí lójú ọjà. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sọ sódò rí. Ó ra òmíràn. Kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kan.

Lavinia ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a to àwọn lẹ́tà onírin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Àfi bí Lemuel, àbúrò Lavinia, ṣe lọ kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kejì tó wà nílùú pé òpùrọ́ ni àna òun. Inú bí Abijah gan-an. Nídìí iṣẹ́ wọn, bí ẹni ńlá bá kú, wọ́n á dojú àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń fa ìlà tín-ín-rín sáàárín ọ̀rọ̀ délẹ̀, kí ìlà dúdú tó nípọn lè jáde. Abijah dojú irin délẹ̀ fún Lemuel. Ó kọ ọ́ sáàárín ìlà dúdú náà pé: "Lemuel Fenn kú. Kò sẹ́ni tó sunkún."

"Ọ̀gbẹ́ni Stroud, ẹyin lohùn o," Lavinia ní. "Ẹ má fi ikú ṣeré."

"Ẹ̀fẹ̀ ni. Gbogbo ìlú á rẹ́rìn-ín."

Ìlú rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Lemuel náà rẹ́rìn-ín. Ó wọ ilé ọtí, ó ní kí wọ́n bu wisikí fún òkú.

Kò pẹ́ tó fi wá sí ọ́fíìsì Abijah lọ́sàn-án gangan. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àna mi, ajá mi ò mọ̀ mí mọ́."

"Fún un léegun."

"Ẹ má ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kí oníbúrẹ́dì, kò dáhùn. Iwájú ẹ̀ ni mo dúró sí o!"

"Wọ́n ń bá ẹ ṣeré ni."

"Ṣé ajá náà ń ṣeré?"

Abijah wolẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ kún gbogbo òpópónà. Bàtà Lemuel mọ́ tónítóní.

"Ẹ bá mi kó o jẹ," Lemuel bẹ̀ ẹ́. "Ẹ kọ ọ́ pé mo wà láàyè."

"Mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ rí."

Lavinia kúnlẹ̀ fún un nílé. "Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Mi ò gbóhùn ẹ̀ dáadáa mọ́. Ṣe ló dà bíi pé òdìkejì odò ló ti ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́."

Àánú ṣe Abijah, àmọ́ orí kunkun ò jẹ́ kó gbà.

Nígbà tí Lemuel tún dé ọ́fíìsì, ó la ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀. Ohùn ò jáde. Eṣinṣin nìkan ló ń kùn lójú fèrèsé.

Ẹ̀rù ba Abijah. Ó to lẹ́tà fúnra rẹ̀: "Lemuel Fenn wà láàyè. Èmi Abijah Stroud ló purọ́." Ó tẹ ẹ̀dà kan. Tàdáwà ò tíì gbẹ tó fi sáré gbé e lọ sílé, Lemuel ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, láìdún.

Lavinia ń bó ànàmọ́ ní kíṣíìnì. Lemuel jókòó sórí àga tó kọjú sí i.

"Mo ti kó o jẹ, Lavinia! Wò ó, mo ti kó o jẹ!"

Lavinia nu ọwọ́, ó gbà á, ó kà á tán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkọ rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

"Ó dáa o, Ọ̀gbẹ́ni Stroud," ó ní. "Ta ni Lemuel?"

Lórí àga, Lemuel fọwọ́ bojú.